Òkété Oníyọ̀ Tí Mo Gbé Lọ Sí Ilẹ̀ Òtútù

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà láti ìgbà tí mo ti dé, tí ẹ ń bi mí pé báwo ni ọ̀hún ṣe rí, mo ti rí i pé ẹnu mi nìkan kò lè ká a mọ́. Bí mo bá sọ ọ́ fún ẹni mẹ́wàá, ọ̀nà mẹ́wàá ni wọ́n á gbà tún un sọ. Lánàá ni mo gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán pé èmi ni mo lọ kọ́ àwọn òyìnbó bí wọ́n ṣe ń se òkété. Irọ́ ni, àfi ìdajì rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, àti ibi tó dùn àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó, nítorí ọpẹ́ wà lọ́rùn mi tí n kò gbọdọ̀ fi ìtìjú bò mọ́lẹ̀.

Kí n tó lọ

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí, èmi ni mo ń tọ́jú lábù ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́. Èmi ni mo ń wá ọ̀pọ̀lọ́ àti alángbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èmi náà ni mo sì ń tọ́jú àwọn ejò tó wà nínú ìgò. Ó tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń lọ sí Ìrẹsà, lápá Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ Baba Sámú, àgbẹ̀ kan tó mọ pàkúté dẹ ju gbogbo ẹni tí mo mọ̀ lọ. N kì í ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n Tíṣà ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, mo sì ti jẹ́ ẹ títí ó fi mọ́ mi lára.

Baba Sámú ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé òkété méjì ló wà ní àdúgbò wọn.

"Èyí tó wà lóko yìí," ó ní, "irun rẹ̀ le, ojú rẹ̀ dúdú yíká bí ẹni tó lé tìróò. Èyí tó wà nínú igbó etí odò, irun tiẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ funfun báláú. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, Tíṣà. Wọn kì í tiẹ̀ rí ara wọn sójú."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún ọ̀gá mi ní ilé-ẹ̀kọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹran kan náà ni, oúnjẹ ló yàtọ̀, pé bí wọ́n bá gbé èmi náà lọ sí etí odò, inú mi á funfun. Èmi fúnra mi kò mọ ẹni tí mo lè gbà gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí lẹ́tà kan dé ní ìparí ọdún 1988, láti yunifásítì kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà obìnrin kan níbẹ̀ ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ẹranko ìgbẹ́ tó jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀. DNA ni ó fi ń yà wọ́n. DNA yìí ni ohun ìdánimọ̀ tó wà nínú ẹran ara gbogbo ohun alààyè, òun ni òbí ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ láìfẹnu sọ. Lẹ́tà náà ní apá kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló ń fún ọmọ, tí bàbá kò lọ́wọ́ sí i rárá. Bí ènìyàn bá wo apá yẹn dáadáa, á mọ àwọn tí wọ́n jọ ti ìdí ìyá kan wá àti àwọn tí kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo rántí Baba Sámú.

Dókítà náà ń wá ẹni tó máa mú ẹran òkété wá láti ilẹ̀ wa, tí á lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn láti kọ́ iṣẹ́ náà. Èmi ni wọ́n mú. Ọ̀gá mi pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ní, "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́. Bí o bá lọ tí o kò rí nǹkan kan mú bọ̀, wọn ò ní pe ẹlòmíràn níbí mọ́." Mo ní ẹ má mikàn, sà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Lẹ́tà náà sọ ọ́ ní kedere pé inú ọtí líle tó mọ́ ni kí n kó ẹran náà sí, kì í ṣe inú nǹkan mìíràn. Ọtí lábù ti tán ní stóòrù wa tipẹ́, kò sì sí ibi tí a ti lè rí i rà. Ohun tó wà nítòsí ni ògógóró. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kí wọ́n rí èmi tí mo gbé kẹ́ẹ̀gì ògógóró kọjá lójú Akẹ̀sán ní ọjọ́ Sátidé, kí n wá wọ aṣọ funfun lọ dúró kọrin lọ́jọ́ kejì? Ara mi bù máṣọ. Mo sọ fún ara mi pé fọ́málíìnì tí a fi ń tọ́jú ejò kúkú lágbára ju ọtí lọ. Ṣebí ejò tó ti wà nínú rẹ̀ kí n tó gba iṣẹ́ ṣì wà bó ṣe wà. Mo gé ẹran lára ogún òkété, mo kó wọn sínú fọ́málíìnì, mo kọ àmì sára ìgò kọ̀ọ̀kan, mo sì dé wọn pa. Ìgbéraga ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo máa gbéra, mo lọ dágbére ní Ìrẹsà. Ìyá Sámú, ìyàwó Baba Sámú, ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ òrùlé. Kò gbójú sókè.

"Wọ́n ní ọ̀hún tutù."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ, mà."

"Wọ́n ní wọn kì í jẹ ata."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, mà."

"Kí lo máa wá jẹ?"

Ó wọlé, ó gbé ẹrù kékeré méjì jáde. Òkété mélòó kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó là, tó fi iyọ̀ pa tinú-tẹ̀yìn, tó sì sá títí ó fi gan paali. Kò yan wọ́n rárá, ó ní èéfín á mú gbogbo aṣọ mi rùn nínú àpótí. Ó di ọ̀kan sínú ewé gbígbẹ, ó fi àkísà aláró di èkejì.

"Ti inú ewé yìí, ti oko ni," ó ní. "Ti inú aṣọ, ti igbó etí odò ni. O ò gbọdọ̀ kó wọn pọ̀ sínú ìkòkò kan. Abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í jẹ ti igbó ní agboolé tiwa. O ò mọ ẹni tó máa tọwọ́ bọ abọ́ rẹ níbẹ̀."

"Mà, àwọn òyìnbó kò ní irú èèwọ̀ yẹn."

"Òyìnbó kì í bímọ ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo gba ẹrù mi.

Ẹ̀wù tó ń wọ́lẹ̀

Ọyẹ́ tiwa máa ń bẹ́ ènìyàn létè, ṣùgbọ́n oòrùn á yọ, a ó jókòó yá a. Ní ọ̀hún, oòrùn lè yọ kí ó ràn dáadáa, kó má sì ṣe nǹkan kan fún ọ. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, aṣọ òkè ni mo wọ̀, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọmọ ènìyàn ni mo jẹ́ nílé. Èébú ni mo fi ń bú ara mi lọ́kàn nígbà tí atẹ́gùn náà wọnú apá aṣọ. Obìnrin kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń sáré bọ̀, ó gbé ẹ̀wù òtútù ńlá kan dání. Kò tíì kí mi tán tó fi wọ̀ mí lẹ́wù. Ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ ni, ọkọ náà sì ga débi pé etí ẹ̀wù ń wọ́lẹ̀ bí mo ti ń rìn. Dókítà tó kọ lẹ́tà nìyẹn. Mo wọ ẹ̀wù yẹn fún oṣù mẹ́fà gbáko.

Ó ní kí n máa pe òun ní Rúùtù. Dókítà, tó ju mí lọ, tó jẹ́ ọ̀gá mi, kí n máa pe orúkọ rẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ bí ẹni pe ọmọ àbúrò mi! Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ahọ́n mi kọ̀. A wá fẹnu kò sí Dókítà Rúùtù, kálukú gba díẹ̀ níbẹ̀.

Ilé opó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Màmá Dórà ni mo ń pè é. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, ó fún mi ní pòtétò sísè àti ẹran tí kò rí iyọ̀ kò rí ata, ó sì fi ọwọ́ òsì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bọ́ sílé ìdáná, mo tẹrí ba díẹ̀, mo ní ẹ ṣeun àná, mà, a dúpẹ́ oúnjẹ àná. Ó wò mí. Ó lọ sí fíríìjì, ó bu pòtétò àná tó ṣẹ́ kù síwájú mi.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń dúpẹ́ àná, ó ń bu oúnjẹ àná. Ó gbà pé ebi ń pa mí ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti béèrè, èmi náà sì gbà pé àṣà wọn ni láti jẹ oúnjẹ àná láàárọ̀. Ọjọ́ tí mo wá ṣàlàyé fún un pé ní ilẹ̀ wa, ọpẹ́ ọjọ́ kan kì í tán lọ́jọ́ náà, pé a ní láti tún un dá lọ́jọ́ kejì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ yẹn lọ, òun ló ń kọ́kọ́ kí mi láàárọ̀. Bí mo bá bá a gbé omi gbígbóná lánàá, á ní ẹ ṣeun àná.

N kò ní purọ́ pé gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ènìyàn lè jókòó tì ọ́ fún wákàtí kan láìwo ojú rẹ. Mo kí gbogbo ọkọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́, ọkùnrin kan sì dìde lọ jókòó sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, kò sí ẹni tí kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, àgbà àti ọmọdé. Ó wù mí púpọ̀.

Nínú ìkòkò Màmá Dórà

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta pé, pòtétò sú mi. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, mo tú ẹrù inú ewé, mo mú òkété oko kan, mo rẹ ẹ́, mo fọ iyọ̀ rẹ̀ dànù, mo sè é pẹ̀lú ata gígún tí ìyàwó mi dì fún mi. Bí ata náà ti gbéra, Màmá Dórà wọlé, ó ń wúkọ́, ó ṣí gbogbo fèrèsé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó sún mọ́ ìkòkò.

"Ẹran kí lèyí?"

"Ẹran ìgbẹ́ ni, mà. Láti ilé."

"Ṣé ehoro ni?"

Ẹ foríjì mí. Mo ní, "Ó fẹ́ jọ ehoro, mà."

Ó tọ́ ọ wò. Ó jókòó. Ó ní nígbà ogun, nígbà tí ẹran wọ́n, bàbá òun máa ń dẹ pàkúté fún ehoro, ìyá òun á fi iyọ̀ pa á, á gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ata ni àbí ìrántí, n kò lè sọ. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi búrẹ́dì nu abọ́.

Láti ìgbà yẹn ni ọjọ́ Sunday ti di ọjọ́ òkété nílé wa. A jẹ ti inú ewé títí ó fi ku ẹyọ kan tó kéré jù, tí kò lè tó wa jẹ. Ní Sunday tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti inú aṣọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kí i, ó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, ó sì ní òun náà fẹ́ tọ́ ẹran ilẹ̀ Áfíríkà wò. Mo ti tú àkísà aláró náà. Ọ̀rọ̀ Ìyá Sámú ta sí mi létí gan-an bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn mi. Èmi tí mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú mi nílé, ọwọ́ mi kò gbé e sínú ìkòkò.

Mo ní kí wọ́n má bínú, pé ẹran tí mo fẹ́ sè yìí kì í ṣe ti abiyamọ.

Ọmọbìnrin náà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n Màmá Dórà mi orí. Ó ní nígbà tí òun ń fọ́mọ lọ́mú, ìyá òun kò jẹ́ kí òun fẹnu kan kábéèjì. Mo di ẹrù náà padà, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì pẹ̀lú ẹyọ kan ti inú ewé, pòtétò la sì jẹ lọ́jọ́ náà.

Òwú tí kò jáde

Nínú lábù, eku funfun ni Dókítà Rúùtù kọ́kọ́ fi kọ́ mi. Wọ́n á lọ ẹran díẹ̀, wọ́n á pò ó pọ̀ mọ́ omi kan tó ń hó bí ọṣẹ, wọ́n á fi oríṣiríṣi oògùn yọ ìdọ̀tí rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n á da ọtí tútù lé e, àwọn fọ́nrán funfun tín-ín-rín á sì léfòó bí òwú. Òwú yẹn ni DNA. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo bọ́ fìlà. Ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, ó ń gbóná, ó ń tutù, ó ń sọ DNA tín-ín-rín di púpọ̀. Wọ́n á wá gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sínú nǹkan kan tó dì bí ẹ̀kọ, iná mànàmáná á fà á lọ, ìlà ìlà á sì jáde. Bí ìlà méjì bá bára mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí ìyá kan náà ni wọ́n ti wá. Ẹran tí kì í bá ṣe ìran kan náà, ìlà wọn kì í bọ́ sí ojú kan.

Nígbà tí ọwọ́ mi ti mọ́ ọn, a ṣí ìgò tèmi. Mo lọ ẹran àkọ́kọ́, mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo da ọtí lé e, mo gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Kò sí òwú. Mo mú ìkejì. Kò sí. Títí ọ̀sẹ̀ fi parí, mo ti ṣí ìgò mẹ́rìndínlógún, n kò rí nǹkan kan yàtọ̀ sí omi.

Dókítà Rúùtù gbé ìgò kan, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lo fi tọ́jú wọn?"

"Fọ́málíìnì, mà."

Ó jókòó. Àwọn òyìnbó ilẹ̀ yẹn, bí inú bá bí wọn tán, ohùn wọn á wálẹ̀, wọ́n á wá di ẹni jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ló fi ṣàlàyé fún mi pé fọ́málíìnì máa ń so DNA pọ̀ mọ́ ẹran débi pé kò ní ṣeé tú mọ́. Ejò inú ìgò á wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ti gan. Ó ní lẹ́tà òun sọ pé ọtí. Mo ní mo kà á. Ó ní kí ló wá dé?

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo sọ òtítọ́. Mo sọ ti ògógóró, ti Akẹ̀sán, ti aṣọ funfun. Ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní bí oṣù yẹn bá fi lè parí láìsí DNA òkété kan ṣoṣo, òun ní láti kọ̀wé sílé pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe, wọn á sì gbé àyè wa fún orílẹ̀-èdè mìíràn.

Mo rìn délé lọ́jọ́ náà, n kò wọ bọ́ọ̀sì. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń rí ojú ọ̀gá mi, ojú Baba Sámú. Ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn ti sọ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti là, ìtìjú tèmi ló máa sọ ọ́ di àròsọ. Ojú tì mí gan-an.

Ẹran tó ṣẹ́ kù

Màmá Dórà wò mí lójú lórí oúnjẹ alẹ́, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹran tí mo mú wá fún iṣẹ́ ti bàjẹ́, kò sì sí òmíràn. Ó ronú díẹ̀.

"Ehoro tó wà nínú fíríìjì ńkọ́? Kò lè wúlò?"

Mo ti fẹ́ sọ pé oúnjẹ nìyẹn, mà. Ẹnu mi ti yà, ó dúró bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ni mo ti ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e fún mi, n kò fi ọkàn kan rí i bí ẹran ìwádìí rí. Kò rí fọ́málíìnì, kò rí iná. Iyọ̀ àti oòrùn nìkan. A sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ilé, ti oko nínú ewé, ti igbó nínú aṣọ, tí wọn kò fi ara kan ara wọn.

Mo dìde, mo tún jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí mo ní láti kọ́kọ́ sọ.

"Mà, kì í ṣe ehoro."

"Kí ni?"

"Eku ni, mà. Eku ńlá."

Ó gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. Mo ń ro ibi tí mo máa kó ẹrù mi lọ.

"Ó tóbi tó báwo?"

Mo fi ọwọ́ hàn án. Ó wo ọwọ́ mi fún ìgbà díẹ̀.

"Ó dùn ju ehoro lọ," ó ní, ó sì gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ẹrù méjèèjì lọ sí lábù. Dókítà Rúùtù yí ẹran gbígbẹ náà síwá sẹ́yìn, ó ní òun kò fọkàn sí i, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa bàjẹ́ mọ́. Mo gé díẹ̀ láti inú itan kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti nípọn. Mo lọ̀ ọ́, mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo da ọtí tútù lé e. Àwọn fọ́nrán funfun náà jáde, wọ́n kéré, wọ́n já sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n jáde. Mo kígbe ní Yorùbá, gbogbo ẹni tó wà ní yàrá kejì sáré wọlé.

Dókítà Rúùtù ní iyọ̀ ni. Ó ti fa omi inú ẹran náà gbẹ kí ìdíbàjẹ́ tó ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tuntun yẹn sọ díẹ̀ tó kù di púpọ̀. Nígbà tí ìlà wọn jáde, òkété mẹ́ta inú aṣọ bára wọn mu pátápátá, ẹyọ kan inú ewé sì dá dúró sọ́tọ̀ láàyè tirẹ̀. Dókítà Rúùtù wò ó títí. Ó ní ẹyọ kan kò tó láti fi búra, pé a ní láti rí púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n pé ìyàtọ̀ tó tóbi báyìí kì í ṣe ti oúnjẹ. Ó kọ̀wé sílé lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n máa pa ẹran mọ́ nínú iyọ̀ fún wa láti Ìrẹsà, kí ẹlòmíràn sì múra láti wá lẹ́yìn tèmi.

Nígbà tí oṣù kẹfà ń lọ sópin, a jọ jókòó láti kọ àbọ̀ iṣẹ́ náà. Àyè kan wà tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó tọ́jú ẹran. Mo mú kálámù. Kí n má tàn yín, orúkọ tèmi ni mo fẹ́ kọ. Mo tiẹ̀ ti gbé ẹnu kálámù lé ìwé. Mo wá rántí ìgò fọ́málíìnì ogún tí mo fi ọwọ́ ara mi dé.

"Kì í ṣe èmi," mo ní. "Ìyá Sámú ni."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ìyá Sámú."

"Ìyẹn ni pé òun ni ìyá Sámú," Dókítà Rúùtù wí. "Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

N kò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń jẹun nínú ilé obìnrin yìí. Mo mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo mọ orúkọ ajá rẹ̀. Dókítà Rúùtù gba kálámù lọ́wọ́ mi, ó ní a ó fi àyè náà sílẹ̀ títí n ó fi délé.

Ìrẹsà

Màmá Dórà sìn mí dé ibùdókọ̀ ojú irin, Dókítà Rúùtù kò sì gba ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ padà. N kò ní sọ ti ẹkún tí mo sun nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo ti lo ọjọ́ mẹ́ta ní Ọ̀yọ́, tí ọ̀gá mi sì ti rí fọ́tò àwọn ìlà náà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì dé Ìrẹsà lọ́sàn-án.

Baba Sámú gba fọ́tò náà, ó gbé e sókè sójú oòrùn. Mo fi ti oko hàn án, mo fi ti igbó hàn án. Mo ní ìdí ìyá ni ẹ̀rọ náà ń tọ̀, kì í tọ ti bàbá.

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" Ó pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú. "Ṣé mi ò wí bẹ́ẹ̀ fún ọ, Tíṣà? Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá!"

Mo wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Mo sọ bí ẹran tí ó dì fún mi ṣe gba iṣẹ́ náà là, bí èèwọ̀ tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ kò ṣe jẹ́ kí n jẹ ẹ́ tán. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìbéèrè tó kù, kì í ṣe irú èyí tí ọmọdé ń bi àgbà, mo sì ń wá ọ̀nà tí mo máa gbé e gbà.

"Mà, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n béèrè orúkọ yín."

Ó yẹra díẹ̀. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi ṣe? Ṣé ẹjọ́ ni?"

"Kì í ṣe ẹjọ́, mà. Inú ìwé ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sí. Wọ́n fẹ́ kí àwọn tó bá kà á mọ ẹni tó tọ́jú ẹran náà."

"Kọ Baba Sámú. Òun ló pa á."

"Wọ́n ti kọ ti Baba, mà. Ẹni tó fi iyọ̀ pa á ni wọ́n ń béèrè."

Ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà kò dọ̀tí. Nígbà tó yá, ó ní wọ́n sọ òun ní Ọyábùnmi nílé bàbá òun. Ó ní nígbà tí òun ṣèrìbọmi, àlùfáà pe òun ní Dọ́káàsì. Ó ní láti ìgbà tí òun sì ti bí Sámú, kò sí ẹni tó tún pe òun ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Èwo ni kí n kọ, mà?"

"Ìyá mi ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ pa ẹran," ó ní. "Kọ èyí tó máa ń pè mí. Àyọ̀ká."

Baba Sámú ti sọ fọ́tò kalẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó rọra pe orúkọ náà, Àyọ̀ká, ó sì ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Obìnrin náà dá a lóhùn pé, "Èmi rèé." Mo gbé ìwé lé orúnkún mi, mo sì kọ ọ́.